Ìrẹsì Ọdún, Kúlà àti Aago: Kí Ló Ń Fa Inú Rírun Lẹ́yìn Àsè?

Ọjọ́ kejì ọdún ni wàhálà sábà máa ń dé. Ẹnì kan bì mọ́jú, àwọn ọmọ ń sáré lọ sáré bọ̀ nílé ìgbọ̀nsẹ̀, bàbá àgbà dùbúlẹ̀ kò lè dìde. Kí oòrùn tó yọ, ará ilé ti ń wádìí. Ta ló bu oúnjẹ? Ta ló wá kí wọn tí kò fẹnu kan nǹkan kan? Àbí ẹni tó ń bá ìyáálé jà nídìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló yà sílé ìdáná? Kì í pẹ́ tí ẹnì kan á fi là á mọ́lẹ̀ pé wọ́n ti fún wọn jẹ ni.

Ẹ̀sùn yìí ti da àárín ọ̀pọ̀ ẹbí rú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó ṣeé ṣe kó má sí ọ̀tá kankan nídìí ìkòkò. Ìrẹsì tí wọ́n sè láago márùn-ún ìdájí, tí wọn kò bù jẹ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tó wà ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fún wákàtí mọ́kànlá, tó láti dá odidi agboolé dùbúlẹ̀. Ẹni tó sè é lè mọ oúnjẹ sè dáadáa, kó fọwọ́, kó fọ ìkòkò, kí oúnjẹ náà sì jinná dénú. Orí iná kọ́ ni ewu ti sábà máa ń wá. Àárín ìgbà tí wọ́n sọ oúnjẹ kalẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n gbé e sẹ́nu ni.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Nínú ìṣirò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé jáde ní 2015, bíi 600 mílíọ̀nù ènìyàn ni oúnjẹ tó lábàwọ́n ń dá dùbúlẹ̀ lágbàáyé lọ́dọọdún, 420,000 sì ń tipa bẹ́ẹ̀ kú. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni 125,000 nínú wọn. Ilẹ̀ Áfíríkà sì ni ìyà náà pọ̀ sí jù lọ bí a bá wo iye ènìyàn tó ń gbébẹ̀: mílíọ̀nù 91 ń ṣàìsàn, 137,000 ń kú lọ́dún kan ṣoṣo. Láti 2019 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ń fi ọjọ́ keje oṣù kẹfà ṣe àyájọ́ oúnjẹ tí kò léwu, kí ìjọba àti ará ilé lè jọ gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Kòkòrò tí omi híhó kò rí gbé ṣe

Ìrẹsì ni ká ti bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí àsè tí kì í sí níbẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bacillus cereus. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, láti oko ló sì ti ń bá ìrẹsì wá. Bí omi bá ń hó, kòkòrò náà á kú, ṣùgbọ́n ó ní ẹyin líle kan tó máa ń fi pamọ́, tí omi híhó kì í sì í rí pa tán. Tí wọ́n bá sọ ìrẹsì kalẹ̀, tó wá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹyin yìí á pa, kòkòrò á máa pọ̀ sí i, á sì máa tu oró sínú ìrẹsì. Ẹni tó bá tún ìrẹsì náà gbé kaná lè pa kòkòrò, ṣùgbọ́n oró náà kò gbọ́ iná. Láàárín ìdajì wákàtí sí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn oúnjẹ, èébì á bẹ̀rẹ̀.

Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ju ọjọ́ kan lọ tí ara á fi yá. Àmọ́ ó máa ń burú nígbà mìíràn. Ní 2003, ọmọ márùn-ún nínú ẹbí kan ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù jẹ sàláàdì tí wọ́n fi pasítà ṣe. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ti pèsè rẹ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n gbé e dání lọ síbi ìgbafẹ́. Wọ́n kó èyí tó ṣẹ́kù sínú fíríìjì, wọ́n sì jẹ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Ajé. Nígbà tí àwọn olùwádìí wọn bí inú fíríìjì náà ṣe tutù tó, 14°C ni wọ́n bá, nígbà tó yẹ kó wà ní nǹkan bí 4°C. Gbogbo àwọn ọmọ náà ló ṣàìsàn. Ẹ̀dọ̀ ọmọdébìnrin ọlọ́dún méje kan nínú wọn daṣẹ́ sílẹ̀, ó sì kú.

Ọbẹ̀ àti ẹran náà ní kòkòrò tiwọn, Clostridium perfringens. Ìfun ẹran àti ènìyàn ni ilé rẹ̀, ó sì wà nínú erùpẹ̀. Kò fẹ́ afẹ́fẹ́, nítorí náà ìsàlẹ̀ ìkòkò ọbẹ̀ ńlá bá a lára mu. Òun náà ní ẹyin líle tí iná kì í tètè pa. Bí ọbẹ̀ bá ti rọlẹ̀ dé ìwọ̀n ooru tó gbádùn, ìyẹn bíi 43 sí 47°C, ẹyọ kan lè di méjì láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: bí ẹyọ kan bá ń di méjì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, láàárín wákàtí mẹ́ta péré ó ti lé ní 260,000. Ẹni tó bá jẹ irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀, inú lílọ́ àti ìgbẹ́ gbuuru á mú un láàárín wákàtí mẹ́fà sí mẹ́rìnlélógún.

Àkọsílẹ̀ kan láti Amẹ́ríkà fi hàn bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kẹta 1993, ní ìlú Cleveland ní ìpínlẹ̀ Ohio, ilé oúnjẹ kan ra ẹran màlúù oníyọ̀ bíi kílógíráàmù 635 sílẹ̀ de ọdún St. Patrick, tí àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Ireland máa ń ṣe. Wọ́n se ẹran náà nínú omi híhó fún wákàtí mẹ́ta. Kò sí ẹni tó máa sọ pé kò jinná. Wọ́n fi í sílẹ̀ kó máa tutù fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n gbé e sí fíríìjì. Nígbà tí ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n mú un jáde, wọ́n gbé e síbi amóúnjẹ-gbóná tí ooru rẹ̀ kò ju nǹkan bí 49°C lọ, wọ́n ń gé e tà. Ènìyàn 156 ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera rí tó ṣàìsàn.

Kòkòrò kẹta kì í ti inú oúnjẹ wá. Ara ẹni tó ń sè é ló ti ń wá. Staphylococcus aureus ń gbé nínú imú àti lára awọ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ara wọn le koko, ó sì máa ń pọ̀ gan-an nínú egbò àti eéwo. Alásè tó ní ọgbẹ́ lọ́wọ́, tó wá ń ya ẹran adìẹ sínú sàláàdì, tàbí tó ń fi ọwọ́ tó fi nu imú to ẹran sínú abọ́, ti gbé e kalẹ̀ fún àlejò. Òun náà máa ń tu oró tí iná kò rí pa. Àwọn tó jẹ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bì kí wọ́n tó kúrò lóde ìnáwó.

Salmonella, ẹ̀kẹrin wọn, rọrùn láti pa ní tirẹ̀. Adìẹ àti ẹyin ló sábà máa ń bá wá, bí oúnjẹ bá sì jinná dénú, ó kú nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ní ohun kan tó máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà: ó lè tó wákàtí mẹ́fà, ó sì lè tó ọjọ́ mẹ́fà, kí àìsàn rẹ̀ tó fara hàn. Ẹni tó ń gbuuru lónìí tó sì ń bínú sí ẹni tó fún un ní mọ́ínmọ́ín lánàá, ẹyin tó jẹ níbòmíràn ní ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn lè jẹ́ okùnfà.

Imú àti ẹnu kò sì lè ṣèdájọ́ àwọn kòkòrò wọ̀nyí. Oúnjẹ tó ti kàsì, tó ń yọ̀ tàbí tó kan, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ìrẹsì tí oró ti kún inú rẹ̀ lè máa ta sánsán, kó sì dùn lẹ́nu. Nítorí náà, títọ́ oúnjẹ wò láti mọ̀ bóyá ó ṣì dára kì í ṣe ààbò.

Ìkòkò ńlá, ewu ńlá

Ìyàwó ilé tó se kóńgò ìrẹsì méjì fún ọkọ àti ọmọ kì í sábà ko ìṣòro yìí. Wọ́n á jẹ ẹ́ gbóná, á sì tán. Ọdún ni ọ̀rọ̀ ń yí padà. Ìkòkò inú ilé kò tó mọ́, wọ́n á háyà èyí tó tó ènìyàn mẹ́ta gbé. Kí àlejò má bàa dé bá iná, òru ni wọ́n á ti dáná. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìkòkò tó bá ti tóbi kì í tètè tutù. Etí rẹ̀ lè tutù lọ́wọ́ nígbà tí àárín rẹ̀ ṣì móoru bí ọmọ tí wọ́n fi ọ̀já gbá mọ́ ẹ̀yìn, fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ibẹ̀ ni kòkòrò ń wá.

Láti 2001 ni WHO ti ń pín ìwé àlẹ̀mógiri kan tó kó ọ̀rọ̀ yìí jọ sí ọ̀nà márùn-ún: kí gbogbo nǹkan mọ́, kí a ya tútù sọ́tọ̀ kúrò lára jíjinná, kí oúnjẹ jinná dáadáa, kí ó wà ní ìwọ̀n ooru tó yẹ, kí omi àti èròjà tí a ń lò jẹ́ ojúlówó. Ẹ̀kẹrin ni àwọn ọlọ́dún máa ń gbójú fò. Láàárín 5°C sí 60°C ni kòkòrò ti ń gbádùn ayé rẹ̀. Oúnjẹ tó bá ti jinná kò gbọdọ̀ ju wákàtí méjì lọ láàárín ìwọ̀n ooru yìí. Kó gbóná kọjá 60°C, tàbí kó tutù sísàlẹ̀ 5°C.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún alásè kò ṣòro. Bí wọ́n bá fẹ́ jẹ ìrẹsì láago méjì ọ̀sán, kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà tó súnmọ́ aago méjì, kì í ṣe ìdájí. Kúlà ń ṣiṣẹ́ dáadáa bí wọ́n bá lò ó bó ṣe yẹ: kí wọ́n kọ́kọ́ da omi gbígbóná sí i kí inú rẹ̀ móoru, kí wọ́n dà á nù, kí wọ́n bu ìrẹsì sí i tààrà láti orí iná, kó kún dé ọrùn, kí wọ́n dé e pa, kí wọ́n má sì máa ṣí i wò ní gbogbo ìgbà. Bí wọ́n bá ṣí i tí èéfín kò ru sókè mọ́, ó ti ń wọ ibi ewu nìyẹn. Òṣùwọ̀n ooru tí wọ́n máa ń kì bọ inú oúnjẹ kò wọ́n ju owó adìẹ ọdún lọ, alásè tó bá sì ní in kò nílò kó máa fojú díwọ̀n.

Èyí tí wọ́n bá fẹ́ fi pamọ́ di ọ̀la ńkọ́? Kí wọ́n má gbé odidi ìkòkò sínú fíríìjì, nítorí àárín rẹ̀ kò ní tutù tán títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kí wọ́n bù ú sínú abọ́ tí kò jìn, kó má ga ju ìka mẹ́ta lọ, kí wọ́n gbé abọ́ náà lé omi yìnyín, kí wọ́n máa rò ó, kí wọ́n sì tètè gbé e sí fíríìjì bí ooru bá ti lọ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá tún fẹ́ jẹ ẹ́, ìwọ̀nba tí wọ́n máa jẹ ni kí wọ́n gbé kaná, kó sì hó tàbí kó gbóná dénú.

Àwọn ìyá àgbà máa ń gbé ọbẹ̀ kaná láàárọ̀ àti lálẹ́ nígbà tí kò tíì sí fíríìjì. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, nítorí ọbẹ̀ tó ń hó dáadáa ń pa kòkòrò tó ti hù. Ibi tó kù sí ni pé kò kan oró tó ti wà nílẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn òde òní kì í sì í jẹ́ kó hó, wọ́n kàn máa ń mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Oúnjẹ tó wà ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kòkòrò ń wá kiri.

Ìrẹsì tí àlejò ń gbé lọ sílé náà ní ọ̀ràn tirẹ̀. Wọ́n á dì í sínú ọ̀rá tàbí ike gbóná-gbóná, á wọ inú bọ́ọ̀tù ọkọ̀, ọkọ̀ á há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, ẹni tó gbé e á tún yà síbòmíràn. Nígbà tó bá fi délé láago mẹ́wàá alẹ́, àwọn ọmọ ti ń dúró dè é. Bí ó bá ti ju wákàtí méjì lọ, kò yẹ kí ọmọdé fẹnu kàn án. Alásè tó bá fẹ́ ran àlejò lọ́wọ́ á sọ aago tí wọ́n sọ oúnjẹ náà kalẹ̀ fún wọn.

Àgbò Iléyá

Ní ti Iléyá, ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjà ẹran. Ní oṣù kẹfà 2023, nígbà tí Iléyá ń bọ̀ lọ́nà, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ ọ̀gbìn kìlọ̀ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà pé kí wọ́n ṣọ́ra fún pọ̀nmọ́, ẹran ìgbẹ́ àti ẹran sísun, nítorí pé anthrax, àìsàn tó ń ti ara ẹran ran ènìyàn, ti pa ènìyàn ní àríwá Gánà. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n rí àìsàn náà lára ẹran ní Suleja, ní ìpínlẹ̀ Niger. Ẹran tó bá kú fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹran àjẹgbádùn rárá. Àgbò tí kò jẹun, tí imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí tó ṣubú lulẹ̀ lójijì, dókítà ẹran ni kí wọ́n pè. Kí wọ́n má ṣe sáré dúńbú rẹ̀ torí pé wọ́n ti náwó lé e lórí.

Lọ́jọ́ ọdún gan-an, ìfun ni kí wọ́n kíyè sí. Inú rẹ̀ ni Salmonella, E. coli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń gbé. Bí ọ̀bẹ bá bẹ́ ìfun, tí ohun inú rẹ̀ ta sára ẹran, wọ́n ti kó wọn dé ibi tí wọn kò sí tẹ́lẹ̀. Alápatà tó mọṣẹ́ á so ẹran rọ̀ kí ó tó là á, á fara balẹ̀ yọ ìfun jáde, á sì ní ọ̀bẹ àti abọ́ ọ̀tọ̀ fún ìfun àti ṣàkì. Kí ẹran má fara kan ilẹ̀. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fọ̀ tàbí ọpọ́n tó mọ́ ni kí wọ́n gbé e lé. Àwọn ọmọ tó ń ran bàbá lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ fọwọ́ kí wọ́n tó dé ìdí àkàrà tàbí ẹ̀kọ.

Àṣà pínpín ẹran ọdún, pé kí ẹbí, aládùúgbò àti aláìní gba tiwọn lọ́jọ́ kan náà, bá ìlera mu gan-an. Ẹran tí wọ́n pín láàárọ̀, tí ilé mẹ́wàá sè tàbí tí wọ́n dín lọ́sàn-án, kò ráyè bàjẹ́. Èyí tí wọ́n tọ́jú pa mọ́ fún ara wọn láìsí iná mànàmáná ló máa ń fa àbámọ̀.

Adìẹ àti tòlótòló oníyìnyín

Kérésìmesì ni ti adìẹ. Ẹni tó ra òòyè, tó pa á lówùúrọ̀, tó sè é lọ́sàn-án, kò ní wàhálà púpọ̀. Oníyìnyín ló gba sùúrù. Ó ti pẹ́ tí ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de kíkó adìẹ àti tòlótòló dídì wọlé láti òkèèrè, síbẹ̀ àwọn onífàyàwọ́ ń gba ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀ kó o wọlé, àwọn aṣọ́bodè sì ń gbá wọn mú léraléra. Nínú irú ìrìn bẹ́ẹ̀, yìnyín lè yọ́ kí wọ́n tún mú kó dì, kòkòrò á sì ti ráyè pọ̀ sí i. Ẹran tó ń yọ̀ lọ́wọ́, tó ní òórùn, tàbí tí yìnyín pupa ti dì jọ sísàlẹ̀ ọ̀rá rẹ̀, kí oníbàárà fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Kò dára kí wọ́n gbé e kalẹ̀ nílé ìdáná mọ́jú kí yìnyín lè yọ́, torí pé ẹ̀yìn rẹ̀ á ti móoru nígbà tí inú rẹ̀ ṣì le bí òkúta. Inú fíríìjì ló yẹ kó ti yọ́. Tòlótòló tó wọn kílógíráàmù márùn-ún lè gba ju ọjọ́ méjì lọ níbẹ̀, nítorí náà ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ọdún ni kí wọ́n ti gbé e kúrò nínú fírísà. Bí iná bá ti kọ̀, kí wọ́n dì í sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, kí wọ́n rì í sínú omi tútù, kí wọ́n máa pààrọ̀ omi náà ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí wọ́n sì sè é lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó bá ti yọ́ tán.

Fífi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ adìẹ jẹ́ àṣà ìmọ́tótó lójú ìyá Yorùbá, bóyá ní Abẹ́òkúta ni o tàbí ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní Bírítéènì, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìpolongo ní 2014 pé kí àwọn ènìyàn má fi omi fọ adìẹ tútù mọ́. Ìdí ni Campylobacter, kòkòrò tó ń gbé lára adìẹ. Omi tó ń já láti ẹnu ẹ̀rọ máa ń ta á sára abọ́, sára aṣọ àti sára tòmátò tó wà nítòsí. Omi kò sì lè pa á. Iná ló ń pa á. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lè gbà kó má fọ̀ ọ́, kó fọ̀ ọ́ nínú abọ́ jíjìn láìsí pé omi ń ta, kó da omi náà nù jẹ́jẹ́, kó sì fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ abọ́, ọ̀bẹ, pátákó àti ọwọ́ ara rẹ̀ kó tó kan nǹkan mìíràn.

Pátákó tí wọ́n gé adìẹ tútù lé, kí wọ́n má gé kùkúḿbà lé e. Adìẹ jinná nígbà tí ooru inú itan rẹ̀ bá dé 74°C. Níbi tí kò bá ti sí òṣùwọ̀n, omi tó ń jáde níbi tí egungun ti so mọ́ra kò gbọdọ̀ pupa mọ́. Sàláàdì ló yẹ kó gbẹ̀yìn gbogbo rẹ̀. Kí wọ́n fi omi tó mọ́ fọ ewébẹ̀, kí ó wà lórí yìnyín, kí wọ́n sì po ẹyin àti kíríìmù mọ́ ọn nígbà tí àlejò bá ti jókòó.

Nígbà tí iná bá lọ

Kò sí bí a ṣe lè sọ̀rọ̀ fíríìjì ní Nàìjíríà ká má sọ̀rọ̀ iná. Bí iná bá lọ, fíríìjì tí wọn kò ṣí lè di òtútù rẹ̀ mú fún bíi wákàtí mẹ́rin. Fírísà tó kún lè gbà tó wákàtí méjìdínláàádọ́ta. Èyí tó kún dé ìdajì, wákàtí mẹ́rìnlélógún. Kí fírísà kún ló dára, nítorí náà ìgò tàbí ọ̀rá omi tí wọ́n jẹ́ kó dì ni kí wọ́n fi dí àlàfo rẹ̀. Ẹran tí yìnyín ṣì wà lára rẹ̀ ṣeé mú kó dì padà. Ọbẹ̀ tó ti wà ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́ láti ìrọ̀lẹ́ dé òwúrọ̀ kò ṣeé dá padà sí fíríìjì bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, àní bí owó ẹran inú rẹ̀ ṣe lè wọ́n tó.

Ìdílé tí kò ní jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà lè yí ètò ọdún padà. Kí wọ́n ra ẹran díẹ̀ díẹ̀ dípò lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n dín ẹran gbẹ tàbí kí wọ́n yan án, nítorí ohun tí omi ti gbẹ lára rẹ̀ kì í tètè bàjẹ́. Kí wọ́n sì pe àlejò ní wákàtí tí oúnjẹ máa jinná, kí ìkòkò lè tán lójú agbo.

Omi, ohun mímu àti eku

Oúnjẹ nìkan kọ́ ló ń fa wàhálà ọdún. Ní oṣù kẹfà 2024, bí Iléyá ṣe ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé àìsàn onígbáméjì ti bẹ́ sílẹ̀ ní àwọn agbègbè bíi Etí-Ọ̀sà, Erékùṣù Èkó, Ìkòròdú àti Kosọ́fẹ́. Nígbà tí wọ́n wádìí, ohun mímu ọ̀fìò tí àwọn kan ń pò tà nígboro láìní nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, wà lára ohun tí wọ́n tọ́ka sí. Ọ̀fìò kò ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Omi tí wọ́n fi pò ó, ọwọ́ tó pò ó àti ìgò tí wọ́n ṣà láti fi ta á ni kí wọ́n bi léèrè. Zóbò, kúnú àti omi yìnyín òde àríyá wà lábẹ́ òfin kan náà: bí omi inú wọn kò bá ṣeé mu tẹ́lẹ̀, yìnyín kò sọ ọ́ di mímọ́.

Kérésìmesì tún máa ń bọ́ sí àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, tí ibà Lassa máa ń pọ̀ jù, ìpínlẹ̀ Oǹdó sì wà lára ibi tó ti ń jà jù ní Nàìjíríà. Eku ló ń gbé e kiri; ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń kó o sára oúnjẹ. Gaarí tí wọ́n fi omi tútù rẹ kì í rí iná kó tó wọ ẹnu. Nítorí náà, gaarí, ìrẹsì àti ẹ̀wà ọdún kò gbọdọ̀ wà nínú àpò tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Inú ike tàbí garawa tó ní ìdérí tó le ni ipò wọn.

Bí inú bá ti run tán

Omi ló ń tán lára ẹni tó ń bì tó sì ń gbuuru, òun sì ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá padà. Bí ORS, èròjà iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi, kò bá sí nílé, kí wọ́n wọn omi tó mọ́ lítà kan, kí wọ́n fi ṣíbí kékeré tí wọ́n fi ń po tíì bu ṣúgà mẹ́fà tí kò mú òkè sí i, àti ìdajì ṣíbí iyọ̀. Kí aláìsàn máa mu ún díẹ̀ díẹ̀, kódà bó bá ń bì. Ọmọ ọwọ́ kò gbọdọ̀ kúrò lẹ́nu ọmú.

Nítorí ìfura pé májèlé ni, àwọn kan máa ń fún aláìsàn ní epo pupa mu. Epo pupa kò pa kòkòrò, kò sì pa oró. Ó lè gba ọ̀nà òdì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ń bì, kí ìyẹn sì di àìsàn mìíràn. Oògùn adìgbẹ́ tí wọ́n ń rà lórí káńtà náà kò yẹ fún ọmọdé.

Kí wọ́n gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ibà bá ga, bí kò bá tọ̀ mọ́, bí ojú rẹ̀ bá jìn wọlé, bí ìgbẹ́ bá ń jáde bí omi ìrẹsì, tàbí bó bá ti ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Aláboyún, arúgbó, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún àti ẹni tó ní àìsàn ṣúgà kò gbọdọ̀ dúró de ìyẹn kí wọ́n tó lọ.

Lẹ́yìn ìtọ́jú, iṣẹ́ kan ṣì kù. Kí ẹni tó ṣe ìnáwó pe gbogbo àwọn tó gbé oúnjẹ lọ sílé lórí fóònù, kí wọ́n má jẹ èyí tó ṣẹ́kù. Kí ó bu díẹ̀ nínú oúnjẹ náà sínú ike, kó dé e, kó kọ ọ̀rọ̀ sí i pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́, kó gbé e sí fíríìjì de àyẹ̀wò. Kí ó sì fi tó ọ́fíìsì ìlera ìjọba ìbílẹ̀ létí, níbi tí àwọn wolé-wolé wà, tàbí kó pe NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Nàìjíríà, lórí 6232, tí kò gba owó. Ohun tí wọ́n máa bi í kò ju mẹ́rin lọ: kí ni wọ́n sè, aago mélòó ni wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, àwọn wo ló jẹ ẹ́, aago mélòó sì ni àìsàn bẹ̀rẹ̀ lára ẹnì kọ̀ọ̀kan. Láti inú ìdáhùn mẹ́rin yìí ni wọ́n á ti mọ ìkòkò tó fa ọ̀ràn, alásè á sì mọ ohun tó máa yí padà kó tó dáná fún òde tó ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.